Ìyàwó Tó Ń Ṣọ́ Agbọ̀n

Bí ẹ bá rí Rùkáyàt tó jókòó jẹ́ẹ́ títí iṣu fi jinná lórí iná, ẹ tètè bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Obìnrin náà kì í gbé ojú kan. Láti kékeré, nígbà tó ń kiri gàrí lójú títì ní Paouignan, bí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí àríwá bá ti dẹwọ́ eré báyìí, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu fèrèsé. Ó ga, apá rẹ̀ sì gùn, èrò inú bọ́ọ̀sì kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé nígbà tí wọ́n ń pín ìjókòó lọ́run, ọmọ òun ti dìde lọ. Ó ti wọ ilé ọkọ báyìí, ó ti bí ọmọbìnrin kan, síbẹ̀ ẹsẹ̀ náà kò tíì gbọ́ràn.

Ilé ọkọ rẹ̀ wà ní Ìdáàṣà, nísàlẹ̀ òkè, láàrin àwọn oníṣòwò tó ń gbé ẹ̀yìn ọjà. Yẹ̀kínì ọkọ rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù fún àwọn onísẹmíjàn, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Ìyá Yẹ̀kínì ní tirẹ̀ ń ta ìkòkò àti abọ́, bó bá sì pe oníbàárà láti ìsọ̀ rẹ̀, àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ a gbọ́. Ní ìsọ̀ ìkòkò yìí ni Grégoire ti rí Rùkáyàt. Ọmọ àgbẹ̀ orí òkè ni Grégoire, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ní Cotonou, ó sì padà wálé wá di kóòṣì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alágbọ̀n àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àpáta. Ìkòkò ló wá rà fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Rùkáyàt na ọwọ́ sí pẹpẹ tó ga jù, kò wá àpótí, kò wá igi, ó kàn gbé ìkòkò náà sọ̀kalẹ̀. Grégoire gbàgbé láti ná ọjà. Ó bi í bóyá ó ti gbá baskẹ́ẹ̀tì rí.

Ẹgbẹ́ Àpáta kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé aláré òṣùpá. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ lọ pàdé àwọn obìnrin Parakou àti Bohicon. Ràhímọ́tù, àbúrò Yẹ̀kínì, ti wà níbẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú, tó ń pín in fún ẹni tó bá yẹ. Àìná, ọmọ àbúrò bàbá wọn, náà wà níbẹ̀. Gbogbo agboolé rò pé Ìyá Yẹ̀kínì yóò kọ̀ jálẹ̀ pé ìyàwó ilé kì í tọ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn. Ìyá náà bi Grégoire bóyá aṣọ yóò bo ẹsẹ̀ àti orí. Grégoire ní yóò bò ó. Ìyá ní kí wọ́n yáa mú un lọ kó tó fi ìrìn gbẹ́ ilẹ̀ àgbàlá òun di kòtò.

Bẹ́ẹ̀ ni Rùkáyàt ṣe rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúlò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù ń bà á. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni pé kó máa ṣọ́ agbọ̀n: kó dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, kó fò gba bọ́ọ̀lù tó bá ta padà, kó sì máa pariwo. Ariwo yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó dúró sábẹ́ agbọ̀n ló ń rí gbogbo pápá. Alátakò a máa yọ́ wá dúró gbagidi lẹ́yìn ẹni tó ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, kí onítọ̀hún lè fi ara gbá a bí ẹni fi ara gbá ògiri, kí ọ̀nà sì là. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ pe ẹnìkejì rẹ̀ lórúkọ, kó sọ fún un pé òsì rẹ nìyẹn, ọ̀tún rẹ nìyẹn.

Orúkọ ni wàhálà. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹni tó bá ti wà nílé kí o tó dé, ìbáà jẹ́ ìkókó tí ikun ń yọ ní imú rẹ̀, ọkọ rẹ ni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí Rùkáyàt wọlé, ọbẹ̀ ru lórí iná, ó sì fi ìkánjú pe Ràhímọ́tù lórúkọ pé kó bá òun gbé ìdérí. Ìyá Yẹ̀kínì kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó gbé àga síta, ó jókòó, ó pe gbogbo ilé jọ, ó wá bi ìyàwó tuntun léèrè pé, “Ṣé ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ?” Rùkáyàt kúnlẹ̀ síbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé yòókù ń fi ìborí bo ẹnu. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì fi pa á lẹ́kún. Láti ọjọ́ náà, orúkọ àwọn ọmọ ilé yẹn kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá mọ́.

Ẹ óò ní, ṣebí ìyàwó a máa fún ọmọ ọkọ ní orúkọ àdàpè. Ó ti fún wọn. Ràhímọ́tù ni Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, Àìná sì ni Adúmáradán. Orúkọ tó dára ni, ó dùn ún pè nígbà tí èèyàn bá ń gbé oúnjẹ wá tàbí tó ń tọrọ aṣọ yá. Ṣùgbọ́n kí ó tó pe Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ tán lórí pápá, bọ́ọ̀lù á ti gba inú agbọ̀n já bọ́ sílẹ̀. Nínú ìdíje àkọ́kọ́, ó wá ọgbọ́n mìíràn dá, ó kígbe pé, “Ọkọ mi, ọ̀tún!” Ràhímọ́tù yíjú sọ́tùn-ún, Àìná náà yíjú sọ́tùn-ún, àwọn ará Bohicon sì gba òsì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo gbàgbọ́ pé àwọn òbọ orí òkè gbọ́ ọ.

Òun náà kò ní orúkọ lórí pápá. Ìyàwó ni Ràhímọ́tù ń pè é nílé, Ìyàwó ló sì ń pè é níwájú agbọ̀n, títí gbogbo ẹgbẹ́ fi mú un. Bó bá fò gba bọ́ọ̀lù, àwọn òǹwòran a pariwo pé “Ìyàwó! Ìyàwó!” bí ẹni pé wọ́n ń sin ín lọ sílé ọkọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kí wọ́n pe Rùkáyàt ní Rùkáyàt, àfi kó bá a dé Paouignan, nílé ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ẹnu kò ṣeé lò, ó fi ẹsẹ̀ ṣe é. Bó bá rí i pé wọ́n fẹ́ di ọ̀nà mọ́ Ràhímọ́tù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi abẹ́ agbọ̀n sílẹ̀, tí yóò sáré lọ síwájú lọ dí i. Nígbà mìíràn ó máa ń dé ibẹ̀ lásìkò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, alátakò á ju bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí kò sí ẹnì kankan, wọ́n á sì jù ú sínú agbọ̀n bí ẹni ju àgbàdo fún adìẹ. Sáà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Kátólíìkì tó wá jọ́sìn ní ojúbọ Arigbo ti túká. Wọ́n gbá mẹ́rin, wọ́n borí nínú méjì, wọ́n pàdánù méjì. Nínú èyí tí wọ́n gbá kẹ́yìn, ibi tí Rùkáyàt wà jìn jù, kò sáré bá a. Ràhímọ́tù fi èjìká gbá obìnrin Savè kan tó rí gbàgbàdù. Rùkáyàt ló ń fi omi gbígbóná tẹ èjìká náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ó ń sọ pé pẹ̀lẹ́ ọkọ mi, pẹ̀lẹ́. Kò sọ pé òun rí obìnrin náà kó tó dé.

Lẹ́yìn ìdíje yẹn ni Grégoire kó wọn jọ sórí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì létí pápá, kó lè sọ bí ìbẹ̀rẹ̀ sáà ṣe rí. Alága ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Kóòṣì kọ́kọ́ sọ ohun tó dára. Ó ní kò sí ẹgbẹ́ tó ń sáré tó tiwọn. Ó ní bọ́ọ̀lù tó bá ta padà lára agbọ̀n, tiwọn ni, ọpẹ́lọpẹ́ Ìyàwó. Ó ní bí adájọ́ bá fún wọn ní jíjù ọ̀fẹ́, kí èèyàn máa yọ̀ lọ sílé, pàápàá bó bá jẹ́ Ràhímọ́tù ni yóò jù ú. Agbára wọn tó ga jù nìyẹn. Rùkáyàt ń mi ẹsẹ̀. Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dídùn ṣíwájú ni, pé kíkan ń bọ̀ lẹ́yìn.

“La défense, c’est zéro,” ni Grégoire wí. Ó wá padà sí èdè ilé. “Òfo ni ìdáàbòbò wa. Ẹ̀yìn wa ò fọhùn. Ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ agbọ̀n ń rìn káàkiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ó ń rí i, àbí kò rí i, èmi ò mọ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀.”

Kò pe orúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo ojú yí padà sọ́dọ̀ Rùkáyàt. Alága tú u palẹ̀: ìdíje pẹ̀lú àwọn ará Parakou ni yóò parí ọ̀rọ̀. Bí ẹ̀yìn kò bá fọhùn lọ́jọ́ náà, Isabelle ni yóò máa ṣọ́ agbọ̀n títí sáà yóò fi parí, ẹni tó bá sì yẹ kó padà sídìí ìkòkò yóò padà. Isabelle jẹ́ ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Kò lè fò tó Rùkáyàt, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyàwó ilé Yẹ̀kínì. Ẹnu rẹ̀ kò ní ìdè.

Ọ̀sẹ̀ náà le. Rùkáyàt gbá àgbàlá, ó tún un gbá, ó to ìkòkò ìsọ̀ láti ńlá dé kékeré, ó tún tò ó láti kékeré dé ńlá. Ó bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀, ó fi ọbẹ̀ sílẹ̀, ó lọ wo aṣọ tó sá, aṣọ kò tíì gbẹ, ó padà, ọbẹ̀ ti jóná. Inú ń bí i sí Grégoire pé ọmọ Ìdáàṣà ni, kò sì mọ ohun tó di ẹnu ìyàwó ilé. Ó jọ pé Cotonou ti fọ ọ́ lọ́pọlọ. Inú ń bí i sí ara rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pápá yẹn nìkan ni ibi tí wọn kì í ti í sọ fún un pé kó jókòó, ó sì fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó sọ ọ́ fún Yẹ̀kínì. Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín títí ó fi ju ṣéènì alùpùpù tó ń nù sílẹ̀. Ó ní orúkọ tó bá wù ú ni kó pè lórí pápá, òun fọwọ́ sí i, kó ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí Màmá gbọ́. Ìmọ̀ràn tó dára ni, àfi ti pé Màmá kì í pa ìdíje kankan jẹ. Àga rẹ̀ wà níwájú pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n, àwọn ìyàwó ilé a sì tò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti wo eré yìí débi pé ó ń bá adájọ́ jà.

Ọjọ́ Parakou pé, oòrùn ń ta lára àpáta, pápá kún. Ní abala àkọ́kọ́, ohun tí Rùkáyàt bẹ̀rù náà ló ṣe. Ó la ẹnu, ó rí àga Ìyá Yẹ̀kínì, ó pa ẹnu dé, ó sì sáré síwájú. Àwọn ará Parakou ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jù ú lẹ́ẹ̀kejì. Grégoire kò tilẹ̀ pariwo. Ó kàn na ìka sí bẹ́ǹṣì, Isabelle sì dìde.

Bẹ́ǹṣì yẹn ni ìyà tó tóbi jù tí wọ́n fi jẹ Rùkáyàt láyé. Isabelle ń pariwo dáadáa, “Ràhímọ́tù, ọ̀tún! Àìná, padà!”, bí ẹni ń pe ewúrẹ́ rẹ̀ wálé, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bá ta padà, orí rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Kó tó pẹ́, ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ gbá alátakò léraléra, adájọ́ sì lé e jáde. Grégoire wo bẹ́ǹṣì. Kò sí ẹlòmíràn. Rùkáyàt ti dìde kí ó tó pè é.

Ó dé abẹ́ agbọ̀n, àwọn ará Parakou sì ń bọ̀. Obìnrin wọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Murielle, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ìta. Obìnrin náà yọ́ gba ẹ̀gbẹ́, ó wá dúró gbagidi lẹ́yìn Ràhímọ́tù, ní òsì, ní ìhà èjìká tó ń dùn ún. Ràhímọ́tù ń fi ẹ̀yìn sáré bọ̀, ojú rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù. Rùkáyàt rí èjìká náà tí òun ti ń tẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ó rí ibi tí yóò ti fọ́.

“Ràhímọ́tù! Òsì rẹ!”

Kò pè é ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́. Kò tilẹ̀ sọ pé òsì yín. Ràhímọ́tù yà bí ẹni tí iná jó, ó gba ẹ̀gbẹ́ Murielle kọjá, ó sì já bọ́ọ̀lù gbà. Lẹ́yìn àga Ìyá Yẹ̀kínì, àwọn ìyàwó ilé fi ìborí bo ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Rùkáyàt kò wo ibẹ̀. Ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́, ó rò ó pé bí wọn yóò bá tilẹ̀ lé òun, kí wọ́n ti orí iṣẹ́ lé òun. Ó pe Àìná. Ó tún pe Ràhímọ́tù. Ó ń pè wọ́n láìsinmi, ó ń pín òsì, ó ń pín ọ̀tún, ó sì dúró sójú kan lábẹ́ agbọ̀n, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí kó ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Àwọn ará Parakou wá ọ̀nà títí, wọn ò rí i. Àpáta sì ń lé wọn bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí eré fẹ́ parí, ojú Rùkáyàt wà níwájú, ó ń pe Àìná padà, kò mọ̀ pé Murielle ti gba ìlà ẹ̀yìn yí wá sí abẹ́ agbọ̀n, ó ń dúró de bọ́ọ̀lù. Nígbà náà ni ohùn kan bú jáde láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ohùn tí ibùdókọ̀ mọ̀ dáadáa.

“Rùkáyàt! Ẹ̀yìn rẹ!”

Ó yí padà kó tó mọ ẹni tó pè é. Ó fò, ó gbá bọ́ọ̀lù tí Murielle ṣẹ̀ṣẹ̀ jù dànù kó tó dé agbọ̀n. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ ló tó wo apá ibẹ̀. Ìyá Yẹ̀kínì ti wà lórí ìdúró, àga rẹ̀ ti dojúdé, ìborí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, wọ́n pàdánù. Ó ku ẹyọ kan kí wọ́n bá Parakou dọ́gba, adájọ́ fún Ràhímọ́tù ní jíjù ọ̀fẹ́, Ràhímọ́tù tí kì í tàsé, ó sì tàsé. Ohun tí kóòṣì pè ní agbára wọn ló já wọn kulẹ̀, ohun tó pè ní àléébù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n. Grégoire jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń fi ọwọ́ nu orí. Ó wá sọ fún alága pé Rùkáyàt ni yóò ṣọ́ agbọ̀n títí sáà yóò fi parí, pé Isabelle yóò máa ràn án lọ́wọ́, àti pé ohun tí òun sọ nípa jíjù ọ̀fẹ́, òun ti gbé e mì. Alága ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Rùkáyàt kò lè yọ̀. Ilé ṣì ń bẹ níwájú. Ní gbogbo ọ̀nà, Ràhímọ́tù ń sunkún nítorí bọ́ọ̀lù tó tàsé, Ìyá Yẹ̀kínì ń rìn níwájú. Bí wọ́n ṣe wọ àgbàlá, ìyá gbé àga síta, ó jókòó. Rùkáyàt mọ àga yẹn. Kò dúró kí wọ́n pè é, ó kúnlẹ̀, àwọn ìyàwó ilé sì rọra ń kó ara wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà ìdáná. Ó ní kí ìyá dárí ji òun, pé òun pe ọmọ wọn lórúkọ lójú gbogbo ayé.

“Orí pápá lo ti pè é,” ni ìyá wí. “Ṣé o rí agbọ̀n nínú ilé yìí?”

Rùkáyàt ní òun kò rí i.

“Nílé, ọkọ rẹ ni. O ò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ níbí láéláé.” Ìyá yíjú sí Ràhímọ́tù. “Ìwọ náà, pa ẹnu mọ́, bọ́ọ̀lù ló tàsé, èèyàn kò kú. Bẹ́ ẹ bá tún dé orí pápá, kí o pè é ní orúkọ rẹ̀. Ìyàwó kì í ṣe orúkọ.”

Ó lé àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìdáná lọ sídìí iṣẹ́ wọn, ó ní kí Ràhímọ́tù lọ wẹ̀. Àwọn méjì ló kù ní àgbàlá. Rùkáyàt ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé kò wù ú láti dìde.

“Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí obìnrin fífẹ̀ yẹn lẹ́yìn rẹ,” ni ìyá wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Kì í ṣe nítorí bọ́ọ̀lù. Mo wá orúkọ rẹ, mi ò tètè rí i. Ọjọ́ tí wọ́n mú ọ wá ni mo ti pè é kẹ́yìn.”

Rùkáyàt ní ẹ ṣeun, Màmá.

Ìyá wo òkè tó wà lẹ́yìn ilé. “Safúrátù ni tèmi,” ló wí. “Àwọn tó ń pè é ti kú tán.”

Rùkáyàt gbé orí sókè. Ó ti pẹ́ tó wọ ilé yìí, ó ti fọ aṣọ ìyá yìí, ó ti gbé e dé ilé ìwòsàn rí, kò sì gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí.

“Má pè é o,” ni ìyá wí. “Mo kàn ní kí o mọ̀ ọ́n ni. Ó tó, dìde, Ìyàwó, lọ gbé omi kaná fún èjìká ọkọ rẹ.”

Rùkáyàt dìde, ó sì lọ gbé omi kaná.